Jọ́ńdíìsì ọmọ tuntun àti etí ọmọ: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹrù ọmọ ni mo ń tà ní Ìlọrin níbí, aṣọ, nápì, ṣọ́ọ̀lì, báàgì ìyá ìkókó, gbogbo ẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o, n kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Àmọ́ ọmọ mi kejì ní jọ́ńdíìsì nígbà tó wà ní ìkókó, jọ́ńdíìsì yẹn lọ, ó gbé etí ọmọ lọ. Látìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn dókítà ọmọdé àti dókítà etí ní ìbéèrè títí ọ̀rọ̀ mi fi sú wọn, àwọn aláboyún tó bá wá rajà tí wọ́n sì gbọ́ ìtàn mi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bi èmi, ìbéèrè kan náà ṣáá ni, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ni jọ́ńdíìsì gan-an? Ṣé ibà pọ́njú náà ni?

Òun ni àwọn ìyá wa ń pè ní ibà pọ́njú, àmọ́ tọmọ tuntun kì í ṣe ibà, ẹ̀fọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó bá ti gbó lára èèyàn máa ń fọ́, tó bá fọ́, nǹkan kan tó yẹ́lò máa ń jáde látinú ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni bilirúbíìnì. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń tún un ṣe kó tó lè bá ìgbẹ́ jáde. Nígbà tí ọmọ wà nínú, ara ìyá ló ń bá a kó o dànù. Tó bá ti wáyé tán, ẹ̀dọ̀ tiẹ̀ ló kù tó máa ṣe é, ẹ̀dọ̀ yẹn ò sì tíì mọ iṣẹ́. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó pé oṣù, bíi mẹ́fà ni ojú wọn máa ń pọ́n díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn tí kò pé oṣù, bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Èyí tó pọ̀ jù á lọ fúnra ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ohun tó jẹ́ kí gbogbo wa máa fojú di í nìyẹn, torí kò sí ìyá àgbà tí kò ní sọ fún ẹ pé ojú tiyín náà pọ́n, ẹ ò sì kú.

Báwo ni nǹkan tó wà lójú ṣe wá dé etí?

Ojú lẹ ti ń rí i ni, kì í ṣe ojú ló wà. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ẹ̀jẹ̀ ò sì níbi tí kì í dé. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń di bilirúbíìnì mú kó má baà rìn kiri, àmọ́ tí bilirúbíìnì bá pọ̀ jù, èyí tí kò rí ẹni dì í mú á wọ inú ọpọlọ lọ. Ọpọlọ ọmọ ìkókó ò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn dáadáa. Tó bá wọbẹ̀, kì í ba gbogbo ibi jẹ́ bákan náà. Ibi méjì ló máa ń bá jà jù: ibi tó ń darí bí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ọrùn ṣe ń mì, àti ojú ọ̀nà tí ohùn ń gbà láti etí dé ọpọlọ.

Ìyẹn ni pé etí fúnra ẹ̀ lè dá ṣáká. Ihò etí dáa, awọ inú ẹ̀ dáa, apá inú lọ́hùn-ún tó ká bí ìkarahun ìgbín náà dáa. Iṣan tó ń gbé ohùn lọ ló bà jẹ́. Bí ilé tí gílóòbù dáa tí iná sì wà lórí òpó, àmọ́ tí eku ti jẹ wáyà tó wà láàárín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ eku yìí sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ sórí ẹ̀ nísàlẹ̀.

Mélòó ni bilirúbíìnì máa jẹ́ kó tó ba etí jẹ́?

Kò sí nọ́ńbà kan tí wọ́n lè fi lélẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Fún ọmọ tó pé oṣù tára ẹ̀ yá, tó bá ti ń wọ 20 mg/dL, àwọn dókítà á ti máa sáré (láàbù míì á kọ 342 µmol/L, òṣùwọ̀n wọn ló yàtọ̀, ohun kan náà ni). Ọmọ tí kò pé oṣù, tàbí tí kòkòrò ti wọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, iye tó kéré sí i lè ṣe é léṣe. Iye ọjọ́ tó ti lò láyé náà wà nínú ìṣirò, 12 lọ́jọ́ kìíní kò jọ 12 lọ́jọ́ karùn-ún rárá. Ojú lásán ò sì lè wọ̀n ọ́n, kódà ojú nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa gbà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ lára ọmọ tó dúdú?

Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ wà, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù. Ẹ fi ìka tẹ iwájú orí tàbí imú ẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e kúrò, ẹ wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà. Ẹ wo funfun ojú ẹ̀, ẹ wo èrìgì ẹ̀, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ojú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láyà, ikùn, ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i ní àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ má ṣe bi ẹnikẹ́ni mọ́, ọsibítù.

Èyí tó bá yọ kí wákàtí 24 tó pé tí wọ́n bí ọmọ náà, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, bó ti wù kó kéré mọ. Àti èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, pàápàá tí ìgbẹ́ ọmọ bá funfun bí ẹfun tí ìtọ̀ ẹ̀ sì ń pọ́n, ìyẹn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀, ọ̀nà ẹ̀ yàtọ̀ síyìí àmọ́ òun náà ò gba ìdádúró.

Ìkómọ ku ọjọ́ méjì, a ti pe èèyàn. Ṣé a ò lè ṣe é tán ká tó lọ?

Ẹ má dúró.

Tèmi nìyí. Ọjọ́ kẹta ni ojú ọmọ mi pọ́n. Níbi tí mo bí i sí, ilé ìwòsàn kan tí n ò ní dárúkọ, wọ́n ní kí n máa gbé e sóòrùn kí n sì máa fún un ní gúlúkóòsì, wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, èmi náà ò sì béèrè. Ọjọ́ karùn-ún, àtẹ́lẹsẹ̀ ti yẹ́lò. Ọjọ́ keje, àgbò ti wà ní ìsọ lẹ́yìnkùlé, àwọn alásè ti gba owó, ọmọ ò sì mu ọmú dáadáa látàárọ̀, ara ẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún omi ẹ̀ dànù, èmi ń dúpẹ́ pé ọmọ yìí mà fara balẹ̀ o, kò yọ mí lẹ́nu bí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Òru ló bẹ̀rẹ̀ igbe kan tí n ò gbọ́ rí, igbe tó mú ṣóńṣó, ó wá ń ta ẹ̀yìn bí ọrun ọdẹ, ojú ẹ̀ ń yí wálẹ̀. Ìdájí la gbé e dé ọsibítù ńlá. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nínú wọ́ọ̀dù yẹn ni bàbá ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó pe ìrun sí i létí ọ̀tún tó sì sọ orúkọ ẹ̀. Ó máa ń wá sí mi lọ́kàn, n ò mọ̀ bóyá ọmọ náà gbọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àgbò máa jẹ ewé. Kó máa sùn jù, kó má fẹ́ ọmú, kí ara ẹ̀ dẹ̀, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tẹ́ ẹ bá lọ nígbà yẹn wọ́n ṣì lè rí i mú. Kódà dókítà etí sọ fún mi pé iṣan etí wà lára ohun tí bilirúbíìnì kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ bà, àmọ́ tí wọ́n bá tètè fà á wálẹ̀ ó máa ń padà bọ̀ sípò nígbà míì. Igbe ṣóńṣó àti ẹ̀yìn tó ń ta yẹn, ó ti wọra nìyẹn.

Ṣé òótọ́ ni pé o kì í ta káńfọ̀ mọ́?

N kì í tà á mọ́, n kì í sì í jẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Káńfọ̀ tí mò ń sọ ni èyí tó funfun rogodo, tá a máa ń kó sáàárín aṣọ nínú àpótí. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, òun ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa kó má máa fọ́ lọ́nà àìtọ́. Ó ń kéré lára àwọn ọmọ kan látinú ìdílé, ọkùnrin ló sì ń ṣe jù, ọ̀dọ̀ ìyá sì ni ọmọkùnrin ti ń jogún ẹ̀. Ní Nàìjíríà, nínú ọkùnrin márùn-ún, ó tó ọ̀kan tó ní in, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ títí wọ́n fi dàgbà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òórùn káńfọ̀ tó bá fà símú tàbí tó gba ara aṣọ wọ awọ ẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fọ́ wẹẹrẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, bilirúbíìnì á wá fò sókè lójijì.

Aṣọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mo fi wọ ọmọ tèmi, ọdún mẹ́ta ló lò nínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Mo sá a sóòrùn fún wákàtí kan, mo rò pé mo gbìyànjú. Wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò lẹ́yìn náà, G6PD ẹ̀ kéré. N ò lè búra pé káńfọ̀ yẹn nìkan ló fà á, àmọ́ ẹni tó bá fi owó ẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n ta ìdì kan fóun, mo máa dá a padà. Àwọn dókítà tún ní ká yẹra fún bámù àti páúdà tó ń ta sánsán tó ní méńtọ́ọ̀lù nínú, pàápàá lójú ìdodo ọmọ.

Nǹkan míì tó ń fa jọ́ńdíìsì tó le: kí ẹ̀jẹ̀ ìyá jẹ́ gúrúùpù O kí tọmọ jẹ́ A tàbí B, kí ẹ̀jẹ̀ ìyá jẹ́ Rhesus (Rh) nẹ́gétíìfù kí tọmọ jẹ́ pọ́sítíìfù, kí kòkòrò wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, kí orí ọmọ fara pa nígbà ìbí tí ẹ̀jẹ̀ sì jọ síbẹ̀, kó má pé oṣù, kó má rí ọmú mu tó.

Oòrùn àárọ̀ ńkọ́?

Kí oòrùn Ìlọrin yìí kàn bá ọmọ lára kò burú, àmọ́ kì í ṣe ìwòsàn jọ́ńdíìsì tó ti le. Wọ́n á ní ṣebí iná ọsibítù náà ìmọ́lẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ búlúù kan pàtó ni, ó sì ń bá gbogbo ara ọmọ tó wà níhòòhò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ọ̀sán àti òru. Oòrùn ní tiẹ̀ kó ooru àti ìtànṣán tó ń jó awọ dání, ẹ ò sì lè tú ọmọ ọjọ́ mẹ́rin síhòòhò nínú ẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà.

Àwọn oníṣègùn ti gbìyànjú ẹ̀ o. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe l'Ékòó jáde ní 2015, òmíì tí wọ́n ṣe l'Ógbómọ̀ṣọ́ nítòsí wa níbí jáde ní 2018, oòrùn ni wọ́n lò, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi ọ̀rá àkànṣe bò ni, ọ̀rá tó ń dí ìtànṣán burúkú lọ́nà tó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó dáa wọlé, àwọn nọ́ọ̀sì dúró tì wọ́n, wọ́n ń wọn ara ọmọ bóyá ó ti gbóná jù, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ má fi ìyẹn wé kéèyàn jókòó síwájú ilé láago méje.

Omi gúlúkóòsì, omi ìbẹ́pẹ, àgbo?

Rárá. Inú ìgbẹ́ ni bilirúbíìnì ń gbà jáde, ọmú ló ń mú ọmọ yàgbẹ́. Ẹ fún un lọ́mú ní ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru, tó bá ń sùn ẹ jí i. Omi ń gba ààyè ọmú nínú ikùn tó tóbi bí èso kékeré, kò sì kó nǹkan kan dànù.

Ẹ̀rù iná búlúù yẹn àti pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ń bà mí.

Wọ́n á fi nǹkan bo ojú ọmọ, wọ́n á tú aṣọ ẹ̀, ẹ lè máa gbé e jáde fún ọmú. Iná yẹn ń yí bilirúbíìnì padà sí oríṣi tó lè jáde láìdúró de ẹ̀dọ̀. Ohun tí ẹ kàn máa béèrè ni pé tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, ṣé jẹnẹrétọ̀ wà? Ẹ béèrè, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á máa fà díẹ̀ jáde, wọ́n á máa fi tuntun díẹ̀ sí i, títí wọ́n á fi pààrọ̀ ìlọ́po méjì ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ. Ó ní ewu tiẹ̀, wọn kì í dédé ṣe é. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bá ti sọ pé ó débẹ̀, etí ẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò lẹ́yìn náà, bí ara ẹ̀ tilẹ̀ yá pátápátá.

Ọmọ mi ti yá, wọ́n sì yẹ etí ẹ̀ wò, wọ́n ní ó yege. Ó ti parí nìyẹn, àbí?

Ibi tí wọ́n ti mú èmi nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rọ méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ ń jẹ́ OAE. Wọ́n á ki nǹkan kékeré kan bọ etí ọmọ, á dún díẹ̀, á sì tẹ́tí gbọ́ bóyá apá tó ká bí ìgbín yẹn dá a lóhùn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò wọ́n púpọ̀. Ìkejì ń jẹ́ ABR. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ níbi tó ti ń sùn, wọ́n á máa fi ohùn sí i létí, ẹ̀rọ á máa kà bí ohùn yẹn ṣe ń gba inú iṣan dé ọpọlọ.

Ẹ rántí eku tó jẹ wáyà? OAE, gílóòbù ló ń yẹ̀ wò. Gílóòbù dáa! Torí náà ọmọ tí jọ́ńdíìsì ba iṣan etí ẹ̀ jẹ́ lè yege OAE geere, kó sì má gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe ti àkọ́kọ́ fún ọmọ mi nígbà tó pé oṣù mẹ́rin, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, mo ra bisikíìtì fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Ó lé lọ́dún kan àtààbọ̀ kẹ́nì kan tó ṣe ABR fún un. Ọdún kan yẹn dùn mí ju owó lọ.

Nítorí náà ẹ fẹnu yín pè é fún wọn: ọmọ mi ní jọ́ńdíìsì tó le, ABR ni mo fẹ́. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ etí ń tẹ̀ lé lágbàáyé ni pé kí wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ etí wò kí ọmọ tó pé oṣù kan, kí wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe é kó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ní Ìlọrin, UITH, ìyẹn ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìlọrin, tó wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́ ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà yín kẹ́ ẹ tó wá, á dín wàhálà kù.

Tí ilẹ̀kùn bá gbá, ọmọ mi máa ń ta gìrì. Kò lè dití, àbí?

Ọmọ mi náà máa ń ta gìrì. Ìyá ọkọ mi máa ń gbá ọmọrí ìkòkò lẹ́yìn ẹ̀, tó bá ti yíjú báyìí a ó pariwo pé Alhamdulillah. Àṣé òjìji ọwọ́ ìyá ló ń rí, àbí atẹ́gùn ló fẹ́ ẹ, àbí ó tiẹ̀ gbọ́ ariwo yẹn lóòótọ́. Irú etí yìí lè gbọ́ ariwo kó má gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ ronú rédíò tí wọn ò yí débi tí ìkànnì wà, ó ń dún ṣììì, ẹ mọ̀ pé èèyàn ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ ò mọ ohun tó ń sọ. Lọ́jọ́ kan á dà bíi pé ó gbọ́, lọ́jọ́ kejì kò gbọ́, ẹ ó wá máa nà án pé olóríkunkun ni. Tí ariwo bá wà nínú ilé ló máa ń burú jù.

Ohun tí ẹ máa wò: bó bá ti ń tó oṣù mẹ́fà, ó yẹ kó máa yíjú síbi tí ohùn ti wá. Bó bá ń tó mẹ́sàn-án, kó máa ṣe bà-bà-bà, dà-dà-dà, kó sì mọ orúkọ ẹ̀. Bó bá ti lé lọ́dún kan, ó yẹ kẹ́ ẹ ti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀" tù yín nínú.

Ṣé mo lè fi àdín tàbí omi àlùbọ́sà sí i létí?

Kò sí nǹkan kan nínú ihò etí tó nílò ẹ̀.

Wọ́n ń gún ọmọ mi ní jẹ́ǹtà (jẹntamaisíìnì, abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò). Mo gbọ́ pé ó ń ba etí jẹ́.

Ó lè ba etí jẹ́ lóòótọ́ tó bá pọ̀ jù tàbí tó pẹ́ jù, apá tó ká bí ìgbín yẹn ló máa ń bá jà. Àmọ́ kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ń pa ọmọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ má yọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ẹ kàn rán wọn létí pé jọ́ńdíìsì wà lára ẹ̀, kí wọ́n kọ àyẹ̀wò etí sínú káàdì.

Ṣé etí yẹn lè padà?

Fún àwọn ọmọ kan, iṣan yẹn máa ń gbà díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún àkọ́kọ́, ìdí tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ máa padà wá fún ABR nìyẹn. Àwọn kan kì í padà. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n ń fi kọ́ etí ń ran àwọn kan lọ́wọ́, àwọn míì á kàn gbọ́ ṣììì yẹn sókè sí i. Iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ sínú etí lọ́hùn-ún, ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ yìí, owó ẹ̀ ni kò jẹ́ ká tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀ nílé wa. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ jókòó máa dúró de etí. Ẹ máa fi ọwọ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ látòní, kò ní kó má sọ̀rọ̀ lọ́la, irọ́ ni àwọn tó ní fífi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ fẹnu sọ̀rọ̀ ń pa.

Tí mo bá tún fẹ́ bímọ ńkọ́?

Ẹ sọ fún wọn ní áńtínétà pé ẹ̀yin ti bí ọmọ tó ní jọ́ńdíìsì tó le. Ẹ mọ gúrúùpù yín. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ Rhesus nẹ́gétíìfù tí ọmọ sì jẹ́ pọ́sítíìfù, abẹ́rẹ́ kan wà tó yẹ kí wọ́n gún yín láàárín wákàtí 72 tẹ́ ẹ bí i, torí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Ọmọ mi kẹta, n ò kúrò ní ọsibítù títí wọ́n fi wọn bilirúbíìnì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ìyá yìí mà lágídí. Aṣọ tuntun ni mo gbé lọ, àpótí àtijọ́ yẹn, mo ti fi ṣe ibi tí adìyẹ ń yé sí.

Ọmọ rẹ yẹn, ṣé ó ń sọ̀rọ̀ báyìí?

Gbogbo wọn ló máa ń fi èyí parí. Ó ń fi ọwọ́ sọ ọ́, ó ń fi ẹnu pe bíi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, "omi" ló mọ́ geere jù. Ilé-ìwé àwọn ọmọ tó nílò àmójútó pàtàkì ló ń lọ, àwọn olùkọ́ ẹ̀ ní ìṣirò ẹ̀ dáa, èmi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó fi ìyẹn jọ. Tá a bá lọ síbi ìyàwó tí wọ́n ń lu bẹ̀ǹbẹ́, á kúrò lọ́dọ̀ mi, á lọ dúró ti onílù, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ìlù náà. Onílù kan ní kí n wá mú ọmọ mi. Mo ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀.